Verna Skogen àti Ìkarahun Tó Ṣófo

Bí ẹ bá dé Harlan Fork, ní ìwọ̀-oòrùn Montana, tí ẹ sì ń wá ẹni tó ń yọ ṣùtì sí gbogbo ayé, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Verna Skogen ni. Opó ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó sì fi ọdún mọ́kànlélógún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń yọ ṣùtì sí àwọn tó ń ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń yọ ṣùtì sí kọfí tí kò dúdú tó. Èyí tó wá ń ṣe sí àwọn ọkùnrin tó ń wa mọ́tò gàgàrà wá sí pápá ìyìnbọn, tí ìbọn wọn ń dún bí àrá tí ọta wọn ò sì ba nǹkan kan, ìyẹn ò ṣeé fẹnu sọ tán.

"Ẹ gbọ́ ná," á ní, á yínmú, "òkè tó wà lẹ́yìn àmì yẹn, kí ló fi ṣe yín? Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn ín níbọn."

Àwọn ọkùnrin á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, òun ló kàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a gbé. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni o. Mo kàn ní ẹnu rẹ̀ kò ní bùréèkì.

Iṣẹ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó lè rọ́ Verna sẹ́yìn nídìí rẹ̀, ìyẹn ni rírọ ọta jẹ́jẹ́, ọta tí kì í gbá èèyàn léjìká. Ìbọn alápá ni ìbọn àwọn ará ibí: apá irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn á já a sílẹ̀, á fà á padà, ọta míì á sì ti wọlé. Ìbọn bàbá wa ni, ìbọn bàbá bàbá wa ni. Ṣùgbọ́n ọta inú páálí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù máa ń gbá èèyàn léjìká bí ìgbà tí ẹṣin bá ta èèyàn nípàá. Ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún kì í fẹ́ irú ìyẹn. Gaylord Tveit, aládùúgbò Verna, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí wọ́n ti fi irin pààrọ̀ egungun èjìká rẹ̀, bí kì í bá ṣe ọta Verna, ìbọn bàbá rẹ̀ ì bá ti di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Àwọn arúgbó mẹ́rin míì wà bẹ́ẹ̀. Verna ló ń rọ ọta fún gbogbo wọn.

Nínú gáréèjì ló ti ń ṣe é, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu nítorí èéfín. Òjé tí àwọn aláàtúnṣe táyà ti yọ dànù ló ń gbà. Á yọ́ ọ nínú ìkòkò irin, á ju ìda oyin díẹ̀ sí i, á bu ìdọ̀tí ojú rẹ̀ dànù, á wá máa dà á sínú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tó ń sọ ọ́ di ọta. Bí mọ́ọ̀dù kò bá tíì gbóná tó, ọta á hunjọ bí awọ ojú wa. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, inú ìkòkò ló ń padà sí.

Ẹ̀tù ni ibi tí ewu wà. Ẹ̀tù tó ń yára gbiná ni wọ́n ń lò fún ọta jẹ́jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí. Ìkarahun idẹ tí ẹ̀tù ń wọ̀, tí ọta ń jókòó sí lẹ́nu, jìn, ẹ̀tù náà kéré, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń jókòó sí. Bí o bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀kan, kò ní kún jáde kó ta ọ́ lólobó. Bí o bá fo ọ̀kan, ìyẹn náà ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Verna ti gbọ́n ọgbọ́n kan mú wá láti ilé ìdáná ilé-ìwé. Á to ìkarahun àádọ́ta sínú pátákó tó ní ihò àádọ́ta. Á wọn ẹ̀tù tó máa tó àádọ́ta géérégé sínú kọ́ọ̀bù kan, á wá fi ṣíbí kékeré bù ú sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, kọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ gbẹ.

"Bí oúnjẹ bá kù nínú ìkòkò," ló máa ń wí, "ọmọ kan wà tí kò jẹun. Kí n tó jẹ́ kí wọ́n lọ sí kíláàsì, màá wá ọmọ náà rí."

Bó bá kù, àádọ́ta náà ló ń dà padà, á tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa tan tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó fi ẹ̀rọ tẹ ọta mọ́ wọn lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìkarahun kan ò sì tíì dójú tì í.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti Orrin Pelkey. Orrin ló ń pín lẹ́tà láàárín ìlú kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í jáde kọjá kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Òun náà ń rọ ọta jẹ́jẹ́ nígbà kan rí, ó sì máa ń fún Gaylord nínú rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi ìdíje ẹgbẹ́ ìyìnbọn wa, Orrin yìnbọn, ìbọn kàn dún "pọ́," kò sí nǹkan tó jáde. Ó dúró. Ó gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀, ó fi ti ọta tó há nínú rẹ̀ jáde. Kò sí ẹ̀tù nínú ìkarahun náà, kápù tó máa ń tan iná sí ẹ̀tù ló dá ti ọta náà dé ibi tó há sí. Bó bá yin òmíràn tẹ̀ lé e ni, ìbọn ì bá bẹ́. Ohun tó yẹ kí ọkùnrin tó lórí pípé ṣe náà ló ṣe. Kò ba nǹkan kan jẹ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Àbí ẹ rò pé Verna máa jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí gbogbo wa jókòó ti oúnjẹ, ó pè é síwájú tábìlì.

"Orrin, bọ́ síbí. Kí ló wà nínú ìkarahun yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Verna."

"Gbé ohùn ẹ sókè. Gaylord ò gbọ́ràn dáadáa, ọta tìẹ ló sì ń yìn."

"Mo gbàgbé ẹ̀tù."

"O gbàgbé ẹ̀tù. O fẹ́ gbé ìbọn tó máa bẹ́ mọ́ arúgbó lójú lé e lọ́wọ́, o wá ń sọ fún wa pé o gbàgbé. Ẹni tí ò lè ka nǹkan dé àádọ́ta, Orrin, kí ló ń fi ẹ̀tù ṣe?"

Ilé pa lọ́lọ́. Fọ́ọ̀kì kan ò kan àwo. Orrin dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, etí rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Nadine, ìyàwó rẹ̀, ti wà ní ọsibítù. Gbogbo wa la mọ̀. Verna náà mọ̀. Ẹgbẹ́ ṣòfin lọ́jọ́ náà pé Orrin ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ọta mọ́, Verna sì sọ ọ́ ní Òfìfo. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nadine kú lóṣù tó tẹ̀ lé e, Verna gbé àwo oúnjẹ kan lọ síbẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà sílé. Orrin ò wá síbi ìdíje mọ́ láti ìgbà náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, nígbà tí pápá bá dá, ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí géètì, á dá yìnbọn fún wákàtí kan péré, á ṣa ìkarahun rẹ̀, á lọ sílé. Ohun kan tó kù fún un láyé nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe já mọ́ Verna lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ méjì sí ìdíje. Àádọ́ta ti Gaylord ló wà lórí pátákó. Lorena Bratvold, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, pè é lórí fóònù. Verna fi fóònù há àárín etí àti èjìká, ó ń bu ẹ̀tù lọ. Lorena ní òun rí Orrin ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Òfìfo? Ó ṣì ń rìn bí ẹni tí wọ́n lù?"

"Verna, fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ jàre."

"Kí n fi í sílẹ̀ kí n wá mú ta ni? Lorena, ṣé o rántí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí ajá tó jí ẹran inú àwo jẹ! 'Mo gbàgbé ẹ̀tù.' Ṣíọ̀! Ṣé ẹ̀tù ni nǹkan téèyàn ń gbàgbé? Kó má gbàgbé ṣòkòtò ẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Lorena ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín pa á. Nígbà tí Verna dé ìkarahun tó gbẹ̀yìn, ẹ̀tù kù nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Kò pọ̀, ìwọ̀n ṣíbí kan. Ó rí i o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò rí i. Ọmọ kan wà tí kò jẹun, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n Lorena ń rẹ́rìn-ín, ìtàn ti dé ibi tó dùn, dída àádọ́ta padà sì máa ń gba àkókò. "Ṣíbí yìí ni ò kún dáadáa lónìí," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó da èyí tó kù padà sínú agolo. Ó fi tọ́ọ̀ṣì kọjá lórí pátákó fìrì, bí ẹni tó ń wo àgbàdo lóko olóko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọta mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ Orrin lọ.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Verna ò kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló kó o bá.

Ní Sátidé, gbogbo ẹgbẹ́ pé sí pápá. Wọ́n to àwọn ẹran tí wọ́n fi irin ṣe sórí ìdúró wọn: adìyẹ nítòsí, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn wọn, tòlótòló lókè sí i, àgbò níbi tó jìnnà jù. Ẹni tó bá yìn wọ́n ṣubú jù ló jẹ. Gaylord ti yin adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ tán, ara rẹ̀ yá gágá. Ó doríkọ tòlótòló. Ìbọn dún "pọ́."

Verna, tó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, gbọ́ ọ. Kí ohùn náà tó parí, ó ti mọ ohun tó jẹ́. "Gaylord! Dúró!" ló ké. Ṣùgbọ́n Gaylord di etí, etí náà ò kúkú gbọ́ràn tẹ́lẹ̀, ọta Verna kì í sì í dún púpọ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Ó ja apá irin sílẹ̀, ó fà á padà, ó yin òmíràn tẹ̀ lé èyí tó há síbẹ̀. Ìbọn náà mì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, àárín ọ̀pá ìbọn náà ti wú bí ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì.

Gaylord kò ṣèṣe. Ó kàn ń fọwọ́ pa ibi tó wú náà, ó ń pa á ṣáá. "Ìbọn bàbá mi," ló ń wí. "Ìbọn bàbá mi nìyí o."

Burdette Stuckey, alága ẹgbẹ́, ọkùnrin tó fẹ́ràn kó máa sọ ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, fò dé. "Ìkarahun kan ò ní ẹ̀tù nínú," ló kéde, bí ẹni pé áńgẹ́lì ló wí fún un. Ojú gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Verna. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Burdette gbé àpò Gaylord, ó ń tú u. Nínú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí ọta mẹ́rin tí orí wọn ti dúdú, ó gbé wọn sókè.

"Ha! Ta ló ń fi ọ̀dà pupa kun ìdí ìkarahun ẹ̀? Gaylord, ọta Òfìfo nìyí! O ṣì ń kó ìdọ̀tí yìí kiri?"

"Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀," ni Gaylord wí.

"Ó ti pẹ́, ó sì ti ṣiṣẹ́ ibi. Ọ̀kan nínú wọn ló bọ́ sáàárín ti Verna. Kò tún sí àlàyé míì."

"Verna kẹ̀, kó gbàgbé ẹ̀tù?" Lorena ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ máa dira, ayé ti fẹ́ parẹ́."

Verna la ẹnu. Mo rí i tó là á. Ó tún pa á dé, ó da kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Kí ó tó dé ojú títì, Burdette ti pariwo ìdájọ́: ní Sátidé tó ń bọ̀, níbi oúnjẹ ìparí àsìkò ìdíje, ẹgbẹ́ máa yọ orúkọ Orrin Pelkey kúrò nínú ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ pápá mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ̀ náà ti tán.

Ẹ wá wo bí àgbàlagbà ṣe ń fi ọgbọ́n tan ara rẹ̀ jẹ. Ọjọ́ Àìkú, Verna ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Orrin lóòótọ́, ṣebí wọ́n bá ọta rẹ̀ nínú àpò. Ọjọ́ Ajé, ó ní ẹ̀tù tó kù nínú kọ́ọ̀bù náà ò tó ṣíbí kan, ààbọ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wa mọ́tò gba iwájú pápá kọjá, ó sì rí Orrin tó ń tẹ̀ ba mọ́lẹ̀, tó ń ṣa ìkarahun rẹ̀ nínú koríko. Ó tẹ iná mọ́tò kí Orrin má bàa rí òun. Ta ló ń sá fún? Òfìfo! Obìnrin tí alága ẹgbẹ́ ń sá fún ló ń sá fún ọkùnrin tí kò lè lé adìyẹ.

Ní Ọjọ́rú, Gaylord wá. Ó gbé ìkarahun lọ́wọ́, ó ní àbúrò òun ti yá òun níbọn.

"Verna, bá mi ṣe àádọ́ta míì."

"O ṣì fẹ́ kí n ṣe é?"

"Ta ni mo tún fẹ́ kó ṣe é? Ọwọ́ ẹ mọ́ jù. Òfìfo yẹn ló pa ìbọn bàbá mi, kí Ọlọ́run má..." Kò parí ẹ̀. Ó jókòó, ó gba kọfí. "Ohun kan ni ò yé mi. Àpò kékeré tí Burdette ti rí ọta yẹn, sípù ẹ̀ ti dípẹtà. Ọdún méjì rèé tí mi ò rí i ṣí. Burdette ló fi tipátipá fà á ya."

Verna gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. "O ní sípù ẹ̀ ò ṣeé ṣí?"

"Kò ṣeé ṣí. Báwo wá ni ọta inú ẹ̀ ṣe jáde?"

"Ṣé o sọ fún Burdette?"

"Mo sọ fún un. Ó ní ó gbọ́dọ̀ ní bó ṣe jáde." Gaylord gbé èjìká rẹ̀ tó dára sókè. "Bí alága bá sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ṣé ẹ rí àwọn èèyàn tí mò ń sọ? Ọkùnrin náà gbé òtítọ́ lọ́wọ́, ó wò ó, ó tún un jù sílẹ̀ nítorí pé alága ní kì í ṣe òtítọ́. Ṣùgbọ́n Verna ò lè jù ú sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tó dúró lé ti yẹ̀. Ó wo Gaylord bó ṣe ń mu kọfí, ó fẹ́ wí fún un níbẹ̀ náà, ó tún bu kọfí sí i dípò rẹ̀. Lẹ́yìn tí Gaylord lọ, ó jókòó síwájú pátákó oníhò àádọ́ta rẹ̀ nínú gáréèjì.

"Ìwọ àgbàyà," ló wí fún ara rẹ̀. "Ìwọ olóríburúkú àgbàyà. Ó ní òun gbàgbé, lójú gbogbo ayé. Ìwọ ò gbàgbé. O rí i, o dà á padà sínú agolo." Ó wá sunkún, ó sì bínú sí ẹkún náà.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Á dúró síbi tí Orrin dúró sí, á sì wí ohun tí Orrin wí. Kò sùn dáadáa, ẹ̀rù bà á gan-an. Ó mọ̀ pé ọta rírọ̀ ti tán fún òun lọ́jọ́ náà. Bó bá tán, kó tán. Orúkọ ọkùnrin náà ò gbọdọ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́.

Ọ̀sán ni a jẹun, nínú gbọ̀ngán ẹgbẹ́. Ọbẹ̀ ẹran ìgalà ńlá wà, ànàmọ́ wà, páì èso igbó mẹ́fà wà lórí tábìlì. Burdette dìde, ó fẹ́ ka ìwé tí wọ́n fẹ́ fi yọ Orrin. Verna dìde ṣáájú rẹ̀.

"Burdette, jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ í sọ."

"Ó ti dé," ẹnìkan wí lẹ́yìn, gbogbo ilé sì ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀.

"Ìkarahun tó ba ìbọn Gaylord jẹ́, èmi ni mo rọ ọ́. Èmi ni mo fo ẹ̀tù ẹ̀. Ẹ̀tù kù nínú kọ́ọ̀bù mi, mo rí i, mo sì gbójú fò ó. Orrin ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Burdette bú sẹ́rìn-ín. "Verna! Ìwọ obìnrin yìí, o máa pa wá!"

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Mo ní èmi ni!"

"Ìwọ tí o máa ń da àádọ́ta padà nítorí pé eṣinṣin bà lé ọ̀kan?"

"Burdette Stuckey, orí ẹ ṣófo ju ìkarahun náà lọ! Mo ní èmi ni, ìwọ dìndìnrìn!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan. Wọ́n ń gbá tábìlì. Bí Verna ṣe ń bú wọn tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó, nítorí pé ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín bó bá ti bú wọn. Ohùn kan yẹn náà ló ní. Kò ní èyí tí èèyàn fi ń jẹ́wọ́.

"Lorena," ló wí, "ìwọ lo wà lórí fóònù. Sọ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ? Ìtàn Òfìfo lò ń sọ fún mi, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí. Mi ò rí ẹ̀tù kankan o." Lorena fa aṣọ rẹ̀. "Jókòó jàre. Àánú ọkùnrin yẹn ló ń ṣe ọ́. Ó dáa, a ti rí i pé o láàánú."

"Gaylord, sípù àpò ẹ ńkọ́? Sọ ọ́ fún wọn!"

Gaylord wo Burdette, ó wo àwo rẹ̀. "Verna, èmi mọ ọwọ́ ẹ," ló wí jẹ́jẹ́. "O ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Burdette nu ojú rẹ̀, ó kàwé rẹ̀ tán, ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Ọwọ́ gbogbo ilé lọ sókè. Ti Lorena lọ sókè, ti Gaylord lọ sókè, tèmi náà lọ sókè, mi ò ní purọ́ fún yín. Ti Verna nìkan ló wà nílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé páì.

"Verna," ni Burdette wí, ó ti fi páì sẹ́nu, "o máa gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá. Bá wa gba kọ́kọ́rọ́ pápá lọ́wọ́ ẹ̀."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé ilé Orrin. Orrin jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Kò ní kó wọlé.

"Burdette ti pè mí," ló wí. "Mo ti gbọ́."

"Orrin, èmi ni. Èmi ni mo fo ìkarahun yẹn. Ìwọ ni mo ń bú lórí fóònù lọ́wọ́ tí mo fi fò ó."

Orrin fa aṣọ ìnuwọ́ náà kúrò léjìká.

"Mo sọ fún wọn," ni Verna wí. "Mo dúró níwájú tábìlì, níbi tí mo mú ọ dúró sí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn pátá. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Orrin mú òrùka kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ ọ̀kan. Òrùka náà le, ó pẹ́ kó tó jáde.

"Mi ò gbà á," ni Verna wí. "Mi ò wá gba kọ́kọ́rọ́."

"Gbà á. Ìwọ ni wọ́n rán." Ó fi sí i lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ọwọ́ náà dé. "Nígbà tèmi, Verna, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Verna gbọ́ ọ tó ń fọ àwo nínú ilé.